Igi Ojú Bọ́ọ̀dù

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ṣé ẹ rántí kíláàsì àwòrán nígbà tí a wà ní pírámárì? Tíṣà á ya igi kan sójú bọ́ọ̀dù: ìdí rẹ̀ gbọọrọ bí òpó iná, orí rẹ̀ roboto bí àkàrà. Á ní, "Ó yá, ẹ ya á." Gbogbo kíláàsì á sì ya igi kan náà. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wa ya ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìnkùlé wọn, tòun ti adẹ́mu tó fi igbà gùn ún. 2 nínú 10 ló gbà. Tíṣà ní ohun tí òun ya kọ́ nìyẹn.

Tíṣà kọ́ là ń bú o. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn. Àṣà yẹn là ń bá jà, torí ó ṣì wà lára wa dòní. Kóòdù là ń kọ jẹun báyìí. Bí oníbàárà bá fi áàpù kan hàn wá, kíá, a ti ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wá bá wa lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá mi ń ta ata lọ́jà, kò mọ̀wé kà, ó sì fẹ́ máa rántí àwọn tó jẹ ẹ́ lówó. Kí lẹ lè ṣe fún un?" A bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wa. Bọ́ọ̀dù tí a máa wò là ń wá.

Wọ́n á ní ẹ̀bùn àbínibí ni kéèyàn máa dá nǹkan tuntun sílẹ̀. Irọ́ ni, jàre. Ẹ wo Òṣogbo. Ní 1964, Georgina Beier kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan níṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Jimoh Buraimoh, iṣẹ́ iná ló ń ṣe nínú ẹgbẹ́ eléré Dúró Ládípọ̀. Twins Seven-Seven, oníjó ni. Tíṣà yìí kò ya igi kan kí wọ́n máa wò ó kọ. Ó fún wọn ní ohun èlò, ó sì ń wo ibi tí ọwọ́ kálukú fẹ́ lọ. Buraimoh bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Twins Seven-Seven ń fa ìlà lórí ìlà, ó ń ya iwin àti ẹranko. Kò sẹ́ni tó máa rí iṣẹ́ ọ̀kan kó pè é ní ti èkejì. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹnì kan á ní, "Ṣé kí ọmọ má kọ́ ìpìlẹ̀ ni?" Rárá o. Lámídì Fákẹ́yẹ kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà lọ́dọ̀ George Bámidélé, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wo ọwọ́ ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ fíríìdọ̀mù ń bọ̀ fún un. Ní kíláàsì tiwa, ọjọ́ yẹn kò dé rí. Wíwò-kọ ni ìbẹ̀rẹ̀, òun náà ni òpin.

Ẹ̀yin tíṣà, ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kò gba owó. Ẹ ní kí ọmọ ya àgbàlá ilé tirẹ̀. Kí ẹ tó fún un ní máàkì, ẹ bi í pé, "Kí ló dé tí o fi ya á báyìí?" Ẹ má sì gba pírọ́ọ̀dù àwòrán fún mátíìsì torí pé ìdánwò ti sún mọ́lé. Ẹ̀yin òbí, "Ṣé àwòrán lo máa jẹ?" yẹn náà tó gẹ́ẹ́. Gbogbo ohun tí ẹ ń tẹ̀ lójú fóònù yín, ẹnì kan ló kọ́kọ́ ya á.

Ẹ fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ìyá aláta ṣe parí? Ẹni tó ya ọ̀pẹ lọ́jọ́sí ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màmá ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ojú èèyàn. Ẹ jẹ́ ká fi fọ́tò oníbàárà sí ibi tí orúkọ yẹ kó wà. Iye owó, ẹ jẹ́ ká ya náírà síbẹ̀ bó ṣe rí gan-an." Ọ̀rọ̀ bùṣe.

2 nínú 10 kò pa ẹnu tirẹ̀ mọ́. Àwọn mélòó ló pa lẹ́nu mọ́ nínú kíláàsì yẹn?