Ẹ Jẹ́ Kí A Wọn Ẹ́ńjìnnì Kí A Tó Tú U

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí, inú ẹ́ńjìnnì ló wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó àjùmọ̀ní wa ni.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé Bedford àtijọ́ tó ń bá wa kó ẹrù lọ́jọ́ ọjà, èyí tó ń lo bẹntiróòlù, kò lè gun òkè mọ́ bó ṣe yẹ. Bí awakọ̀ bá dá a dúró láìpa á, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, sàlẹ́ńsà rẹ̀ á sì máa ṣe pú-pú-pú. Mẹkáníìkì kan ní ká pààrọ̀ ríǹgì àti písítìn. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ká kúkú lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Àwa ò tíì fara mọ́ ọ̀kankan, nítorí pé kò sẹ́ni tó tíì fi géèjì wọn ohunkóhun nínú ọkọ̀ náà. Owó tí wọ́n fẹ́ ná yìí, owó ìyá elépo àti bàbá aláṣọ tó ń dá a lóṣooṣù ni.

Ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ wa sọ ló mú wa fura. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ṣe tápẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n ń bá a pé ó ti le mọ́ra. Ó ní ẹ́ńjìnnì ọ̀hún kò pariwo bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Inú tiwa ò dùn o. Bí kámù tàbí rọ́kà bá ń jẹ, àyè ló máa ń fi sílẹ̀, àyè yẹn ló sì ń dún ká-ká-ká. Ṣùgbọ́n bí síìtì fáàfù, ìyẹn ibi tí fáàfù ń jókòó lé nínú tọ́ọ̀pù silíńdà, bá ń jẹ, fáàfù á máa rì wọlé díẹ̀díẹ̀, ìdí rẹ̀ á máa sún mọ́ rọ́kà, àyè á máa dín. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí awakọ̀ ń yọ̀ sí, àìsàn ni. Ọjọ́ tí àyè bá tán, fáàfù ò ní lè pa ẹnu dé mọ́.

Fáàfù tó ń tú èéfín jáde ló sì máa ń kọ́kọ́ kàn. Bí ẹrù bá wúwo, ooru rẹ̀ lè tó 700 sí 800 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Ìgbà tó bá jókòó sórí síìtì ló ń sinmi, tí púpọ̀ nínú ooru yẹn ń kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 2,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 1,000 ni fáàfù kọ̀ọ̀kan ń jókòó. Èyí tí kò bá rí ibi jókòó dáadáa, á jóná létí.

Ẹ̀bi awakọ̀ kọ́. Ní 1921 ni Thomas Midgley, ní General Motors ti Amẹ́ríkà, rí i pé bí wọ́n bá po òjé mọ́ bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì ò ní máa kan gbàgbà. Òjé yẹn náà tún ń bo síìtì fáàfù bí ọ̀dà, kò jẹ́ kí irin máa fa irin ya. Ara irin tọ́ọ̀pù silíńdà gan-an ni wọ́n sì gbẹ́ síìtì ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sí, láìfi òrùka irin líle sí i. Ní 2001 ni àwọn ìjọba ilẹ̀ wa níhìn-ín fẹnu kò ní Dakar pé kí òjé kúrò nínú epo, nígbà tí 2006 sì fi bẹ̀rẹ̀, ó ti kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí wọ́n dá a padà o. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́. (Ẹni tó bá ní Peugeot 504 kò ní láti bẹ̀rù tó wa: alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù silíńdà tirẹ̀, pẹ̀lú òrùka síìtì ló sì ti ilé iṣẹ́ jáde.)

Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n ṣe nìyí, lójú ìgbìmọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tápẹ́ẹ̀tì dáadáa, torí èyí tó le jù nìkan lè mú kí fáàfù máa jò. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí wọ́n tú gbogbo púlọ́ọ̀gì, kí awakọ̀ tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, kí ó fi sítátà yí i, kí wọ́n sì wọn silíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká sọ pé márùn-ún fún wa ní nǹkan bíi 120, ọ̀kan wá fún wa ní 60. Kí wọ́n da ṣíbí ọ́ìlì kan sínú ọ̀kan yẹn, kí wọ́n tún un wọ̀n. Bó bá gòkè dáadáa, ríǹgì ni. Bó bá dúró sí 60, ẹ fi ríǹgì sílẹ̀, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni.

Afẹ́fẹ́ fọkanáísà á wá sọ èwo ni. Kí wọ́n gbé písítìn silíńdà náà dé òkè téńté, níbi tí fáàfù méjèèjì ti yẹ kó pa dé, kí wọ́n fi jíà sí i, kí wọ́n fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì sún mọ́ fáànù, torí afẹ́fẹ́ lè yí ẹ́ńjìnnì lójijì. Kí wọ́n gba ojú púlọ́ọ̀gì fa afẹ́fẹ́ sí i. Bó bá ń sú jáde ní sàlẹ́ńsà, fáàfù èéfín ni. Bó bá jẹ́ ní kábúrétọ̀, fáàfù kejì ni. Bó bá jẹ́ níbi tí a ń rọ ọ́ìlì sí, ríǹgì ni. Bí omi rédíétọ̀ bá ń hó, gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Etí lásán ti tó láti gbọ́ ọ.

Bó bá wá jẹ́ síìtì, a ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun á fi kíríìmù lọ fáàfù. Ṣe ni ìyẹn á tún rì í sí i, oṣù díẹ̀ sí i, a ó tún padà síbẹ̀. Kí wọ́n gbé tọ́ọ̀pù silíńdà lọ sọ́dọ̀ oníléèdì, kí ó gbẹ́ ibẹ̀, kí ó fi òrùka irin líle sí i. Písítìn ò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀.

Àwọn kan ní mẹkáníìkì á bínú pé a ò gba òun gbọ́. Kó bínú. Ẹni tó bá wá yáwó lọ́wọ́ wa, ṣebí onídùúró là ń bi í?

Àbá tiwa ni pé kí akápò má fọwọ́ sí owó ẹ́ńjìnnì kankan, ìbáà jẹ́ ti ẹgbẹ́ tàbí ti ẹni tó fẹ́ yáwó tún ọkọ̀ tirẹ̀ ṣe, àfi bí ìwé tí wọ́n kọ iye silíńdà kọ̀ọ̀kan sí bá wà níwájú rẹ̀. A ti bá fọkanáísà tó wà lẹ́bàá ọjà sọ̀rọ̀. Ó ní àárọ̀ Sátidé ni ká gbé ọkọ̀ náà wá, kí àwọn oníbàárà òun tó dé.