Irun àti Eyín Inú Kókó Ọmọ Ọwọ́ Kì í Ṣe Ẹ̀rí Àjẹ́

Ẹ̀yin ará wa, pàápàá jù lọ ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di òbí, àìsàn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí ó bá dé, bí ìmọ̀ kò bá sí níbẹ̀, ó lè pa ọmọ, ó sì lè tú ìdílé ká.

Kókó kan ni, tí ó máa ń hù sí àpòlúkù ọmọ ọwọ́, èyí tíí ṣe àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí. Teratoma ni àwọn oníṣègùn ń pè é, láti ọdún 1922 ni irú èyí tí ó wà ní àpòlúkù sì ti wọ inú àkọsílẹ̀ wọn. Nínú 100 teratoma tí a bá rí lára àwọn ọmọdé, ti àpòlúkù kì í tó 1. Ọmọkùnrin tí kò tí ì pé ọdún 1 ni ó sábà máa ń mú. Ikùn ọmọ náà á wú, á sì le níbi kan. Ó lè máa bì, kódà ó lè bi ẹ̀jẹ̀, tàbí kí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà. Bí kókó náà bá tóbi, èémí lè nira fún un.

Nígbà tí wọ́n bá la kókó náà, wọ́n lè bá irun, egungun tàbí eyín nínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú nìyí. Àwọn kan á ní iṣẹ́ ayé ni. Wọn á nawọ́ sí ìyá ọkọ, sí orogún, tàbí sí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Nígbà tí Ẹlẹ́dàá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọmọ nínú oyún, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n lè di ẹ̀yà ara èyíkéyìí. Bí díẹ̀ nínú wọn bá ṣìnà, wọ́n lè máa dàgbà níbi tí kì í ṣe àyè wọn. Irun àti eyín náà kò tayọ èyí. Láti inú èdè Gíríìkì ni orúkọ teratoma ti wá, àbàmì ni ó sì ń tọ́ka sí. Ẹ̀rù ba àwọn náà nígbà kan. Ìmọ̀ ni ó lé e lọ.

Ǹjẹ́ jẹjẹrẹ ni bí? Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Bí wọ́n bá yọ ọ́ tán pátápátá, ọmọ náà sábà máa ń yè, á sì dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òmíràn wà tí sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kò tí ì gbó. Irú èyí lè tún hù, jẹjẹrẹ sì lè fara pamọ́ sínú rẹ̀ nígbà mìíràn. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀, àfi yàrá àyẹ̀wò. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọn a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò fún èròjà kan tí à ń pè ní AFP. Ó máa ń pọ̀ lára gbogbo ọmọ tuntun, ó sì ń dín kù bí oṣù ti ń gorí oṣù. Bí ó bá kọ̀ tí kò dín kù, tàbí tí ó tún gòkè, ó yẹ kí oníṣègùn tún inú ọmọ náà yẹ̀ wò. Nítorí náà, òbí tí ó gbé ọmọ lọ sílé tí kò padà wá mọ́ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí.

Ẹni tí ó bá ń gba owó lọ́wọ́ irú òbí bẹ́ẹ̀ láti tú àsàsí, ìbáà ṣe babaláwo, ìbáà ṣe aáfà, àkókò ọmọ náà ni ó ń fi ṣòfò. Àdúà dára, kí a máa ṣe é lójú ọ̀nà iléèwòsàn. Gbígbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run kò ní kí a ká ọwọ́ gbera.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ìyá kan lọ́rùn, ẹ má ṣe dákẹ́. Ẹ dá owó ọkọ̀ fún un, kí ẹ sì máa rán an létí ọjọ́ àyẹ̀wò. Kí Ọlọ́run Ọba dá àwọn ọmọ wa sí, kí Ó sì la ojú inú wa. Àmín.