Ẹ̀kọ́ wo ló yẹ olùtọ́jú arúgbó?

Olóòtú,

Oríṣi ẹ̀kọ́ 15 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là sílẹ̀ ní 2015 fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìsàn; àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún mọ̀ ọ́n. Nílé ńkọ́? Ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá ṣáà ti lè fọṣọ la ń fa ìyá wa lé lọ́wọ́. Ó kéré tán, kí ó mọ̀ pé a kì í fún arúgbó lóúnjẹ ní ìdùbúlẹ̀, àti pé ẹni tí kò lè dìde, yíyí ni à ń yí i kí ìdí rẹ̀ má baà dégbò.

Àmọ́ ti àrùn ìgbàgbé ni n óò fi ṣíwájú. Màmá tó ń dá sọ̀rọ̀ lóru, tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, kì í ṣe àjẹ́ o. Ọpọlọ ló ń ṣàìsàn. Ọmọ tí kò bá tíì gbọ́ èyí, ẹ má fi màmá sílẹ̀ fún un.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn.