Oyè Kejì nínú Ìmọ̀ Ìṣàkóso Ìjọba àti Èdè Ará Ìlú

Ó ṣòro lónìí láti rí ilé-iṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ Yorùbá tí òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ kò tí ì gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso ìjọba, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí MPA, tàbí tí kò máa kọ́ ọ lọ́wọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń wá, èyí kò sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Láti 1963 tí Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó ṣì wà ní Ìbàdàn nígbà náà, ti dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣàkóso sílẹ̀, àti láti 1973 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá ASCON sílẹ̀ ní Tòpó lẹ́bàá Àgbádárìgì, ni òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń kọ́ ètò ìnáwó àti òfin iṣẹ́ ọba. Ohun kan ni ẹ̀kọ́ náà fò dá: èdè tí òṣìṣẹ́ yóò fi bá ará ìlú sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá padà sí ìdí tábìlì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fi èyí hàn kedere. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ láti fi la ojú ọ̀nà, abala 29 òfin náà sọ ohun tí a ó san owó lé lórí: ilé, irúgbìn, àti iṣẹ́ tí àgbẹ̀ náà ti ṣe sórí ilẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní owó, àyàfi owó ìyálò, bí ó bá ti san irú rẹ̀ ní ọdún tí a gba ilẹ̀ náà. Owó gbà-má-bínú ni Yorùbá ń pe owó yìí, orúkọ náà sì bá a mu. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ òfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lè dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kí ó wí pé, "Bàbá, owó ilẹ̀ yín ti jáde." Ohun tí àgbẹ̀ gbọ́ ni pé ìjọba ti ra ilẹ̀ bàbá òun. Ó ka igi kòkó, ó ka ilẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ń retí owó ńlá. Nígbà tí owó kòkó nìkan bá dé, olè ni yóò pe òṣìṣẹ́ náà, àwọn ẹbí yóò sì dìde sí ara wọn lórí ẹni tí ó jẹ nínú owó. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ náà kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́.

Ti ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì kò yàtọ̀. Fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì ni a ń gbé fún opó tí kò mọ̀wé, mẹ́séńjà ẹnu ọ̀nà ni yóò sì bá a kọ ọ́, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí ó bá ti gba ẹ̀gúnjẹ.

Àwọn kan yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè fáìlì, àti pé Haúsá, Ìgbò àti Ẹ̀gùn náà ń wá sí ọ́fíìsì ní Èkó. Òótọ́ ni. Kí fáìlì máa jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n abala 97 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti fi èdè mìíràn kún Gẹ̀ẹ́sì bí ilé náà bá fọwọ́ sí i, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó sì ti fi Yorùbá jíròrò. Bí aṣòfin bá lè fi Yorùbá jíròrò òfin, kí ló dé tí ẹni tí yóò mú un ṣẹ kò lè fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀?

Ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn ẹ̀ka ìṣàkóso nìkan. Àwọn ẹ̀ka Yorùbá gbájú mọ́ oríkì, ewì àti gírámà bí ẹni pé èdè kò ní iṣẹ́ kankan ní ọ́fíìsì. Àjọ NERDC tẹ ìwé ọ̀rọ̀ aṣòfin ní Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá jáde ní 1991. Ta ni yóò ṣe irú rẹ̀ fún ilẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì bí kì í bá ṣe àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí? Kò sì wọ́pọ̀ kí olùkọ́ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ NCE pé, lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ nínú Yorùbá, ọ̀pọ̀ yunifásítì lè gbà á fún MPA.

Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó fún ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀ka méjèèjì jọ máa kọ́ ọ. Ìdánwò rẹ̀ kò nira láti ṣètò: kí akẹ́kọ̀ọ́ ka abala 29 òfin ilẹ̀, kí ó kọ ọ́ sí ojú ewé kan ní èdè Yorùbá, kí ó sì kà á sí etígbọ̀ọ́ àgbẹ̀ mẹ́ta. Bí àwọn àgbẹ̀ náà bá lè sọ ohun tí ìjọba yóò san owó lé lórí àti ohun tí kò ní san owó lé lórí, akẹ́kọ̀ọ́ náà yege.