OWÓ TÍ WỌ́N GBÀ LỌ́WỌ́ OLÈ, TA LÓ NI Í?

Ẹ̀yin olùdìbò, ará oko àti ará ìlú, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó yín la fẹ́ sọ.

Bí olè bá wa iṣu lóko Àlàní, tí ọlọ́pàá mú un, tí wọ́n gba iṣu náà, ṣé àgọ́ ọlọ́pàá ni iṣu ọ̀hún yóò wá jẹrà sí? Ó tì o! Àlàní ló ni ín, Àlàní ni kí wọ́n kó o fún. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ ìwé ìpín, èyí tí à ń pè ní ṣíà, àwọn tó wà lórí àlééfà a fẹ́ kí á gbàgbé Àlàní.

Ẹ rántí 2010. Ní oṣù October, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó rán Cecilia Ibru, ọ̀gá àgbà báńkì Oceanic tẹ́lẹ̀, lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6, wọ́n sì ní kó yọ̀ǹda dúkìá tó tó bílíọ̀nù 191 náírà. Adájọ́ ṣe tirẹ̀. Ìyá aláṣọ àti tíṣà tó fi owó ìfẹ̀yìntì ra ìpín níbẹ̀ wá ńkọ́? Ní 2011, Ecobank gba báńkì náà. Ẹ bi ará ilé yín tó ní ìwé ìpín nígbà yẹn: èló ló kàn án nínú bílíọ̀nù 191?

Ní Amẹ́ríkà, tọkọtaya kan ní California gba nǹkan bí mílíọ̀nù 27 dọ́là lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà pé àwọn fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ. Wọn kò kọ́ ọ. Ní 2020, adájọ́ 8 nínú 9 ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ sọ pé kọ́ọ̀tù lágbára láti gba èrè burúkú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju èrè tí wọ́n jẹ gan-an lọ, àti pé nítorí àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ ni. Ẹ gbọ́ o: nítorí àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ!

Nílé wa ńbí, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun ní March 2025, tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 dẹ́rù ba àwọn onísogúndogójì. Ní April, CBEX dojú dé. Ní Ìbàdàn, inú bí àwọn ènìyàn débi pé wọ́n ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n kó ẹrù ibẹ̀. Ẹ̀wọ̀n dára, ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀wọ̀n la fi ń ra ọjà ni?

Àwọn kan ń ní ojúkòkòrò ló pa wọ́n. Kò burú. Ṣé ojúkòkòrò olóhun ló wá sọ olè di olóhun? Àwọn àgbà ní ẹni gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ìjọba tó gba owó lọ́wọ́ olè, tó sì jókòó lé e, kí la fẹ́ máa pè é?

Ohun mẹ́ta ni ẹgbẹ́ wa ń bèèrè. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó tí kọ́ọ̀tù bá gbà san gbèsè àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ. Kí wọ́n ka iye rẹ̀ lórí rédíò ní èdè Yorùbá. Kí ẹjọ́ má sì pẹ́ títí tí olówó yóò fi kú.

Nígbà tí wọ́n bá gbé ìrẹsì àti súyà wá sílé yín, ẹ bi wọ́n léèrè: owó wa dà? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ má dìbò fún un!