Òkè àti Omi Tó Yẹ Kí Ẹ Mú Ìdílé Yín Lọ Wò

Bí a bá ní kí ọkùnrin kan nínú ìjọ wa níhìn-ín ní Kàbà sọ ibi tó mú ìyàwó rẹ̀ lọ láti ọdún tó kọjá, bí ó bá ti yọ ọjà kúrò, tó yọ ilé ìsọmọlórúkọ kúrò, tó sì yọ ilé ìwòsàn kúrò, orí ni yóò máa fi ọwọ́ họ. Bẹ́ẹ̀ ni òkè yí wa ká. Àwọn tó ń gbé ní Èkó ń san owó ọkọ̀ gọbọi kí wọ́n lè fi ojú rí òkè. Àwa tí òkè ń wò lójú lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀, a kì í gbé ojú sókè wò ó àfi bí a bá ń wá igi ìdáná.

Láìpẹ́ yìí ni àwọn ìyá Àlásàlátù ìjọ wa wá bá àwa ìgbìmọ̀ pé àwọn fẹ́ kó ara wọn jọ lọ gun òkè kí àwọn sì lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta. Bàbá kan fárí gá, ó ní, "Obìnrin wo ló ń gun òkè? Kí ni wọ́n fẹ́ lọ mú níbẹ̀?" Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, òkè wo ni ìyá wa Hájárà ń sáré gùn nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ ọmọ rẹ̀?" Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, bàbá náà sì bá wa rín in. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Láti Sáfà dé Máríwà tó nǹkan bí mítà 450, ẹ̀ẹ̀meje sì ni a ń rìn ín. Ó lé ní kìlómítà mẹ́ta. Ẹsẹ̀ obìnrin ni a sì ń tọ̀ níbẹ̀, títí kan àwa ọkùnrin. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń fi ogún ọdún tọ́jú owó Mẹ́kà pa mọ́, tí wọn kò sì tọ́jú ẹsẹ̀ tí wọn yóò fi rìn débẹ̀. Ibi ìtajà ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀kadà ló ń gbé wọn lọ, òun náà ló ń gbé wọn bọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá dé ilẹ̀ mímọ́ ni orúnkún yóò wá máa ké. Ìyá tó bá fẹ́ lọ lọ́dún tó ń bọ̀, kó wá fi òkè ilé wa dán ẹsẹ̀ rẹ̀ wò ná.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní Kàbà níhìn-ín òkè Obangogo wà. Bí ẹ bá sì kọjá sí ìhà Ìjùmú, Ògìdì wà níbẹ̀, ìlú tí àpáta ńláńlá yí ká bí ẹni pé ẹnìkan da ọkà sílẹ̀ ní òkìtì-òkìtì. Àwọn tó mọ̀ nípa òkúta sọ fún wa pé inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni àpáta bẹ́ẹ̀ ti wà láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Òjò ń fọ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ibi tó rọ̀ jẹrà, ibi tó le ṣẹ́ kù, òun ni a ń rí tó pá lórí bí orí àgbàlagbà. Ògìdì kan náà ni ìlú Olóyè Nike Davies-Okundaye, ẹni tí a bí ní 1951, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ aṣọ àdìrẹ. Ibẹ̀ dára fún ẹni tí kò gun òkè rí, nítorí pé bí ẹsẹ̀ bá kọ̀, ẹ lè jókòó nísàlẹ̀ kí ẹ máa wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá tó ń hun aṣọ tó ń pa láró, kí àwọn ọmọ máa gun tiwọn lọ.

Ẹ má kàn gun òkè kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ṣá o. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ohun tí òkè ṣe fún wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà ń kó wa lẹ́rú, tí wọ́n ń gba ọmọ ènìyàn bí owó ìṣákọ́lẹ̀, orí òkè ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa sá lọ. Owé ni o, Ìjùmú ni o, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ̀rọ̀, kò sí èyí tí ìyà náà kò kàn. Mùsùlùmí ni àwọn tó ń kó wa náà ń pe ara wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn-ún kà nínú ìwé bí èyí, ṣùgbọ́n ìtàn ni ìtàn, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀sìn bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, lábẹ́ George Goldie, gba Lọ́kọ́jà wá sí Kàbà. Àwọn Tápà ti kó ẹrù wọn lọ kí wọ́n tó dé. Kí oṣù náà tó parí, Bídà fúnra rẹ̀ ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìgbà tí ọkàn balẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹ̀bá ọ̀nà. Nítorí náà bí ọmọ yín bá bi yín pé kí ló dé tí ẹnìkan yóò fi kọ́lé sórí àpáta tí kò sí omi, ẹ ti mọ èsì.

Bí owó ọkọ̀ bá wà, ẹ dé Òkè Patti ní Lọ́kọ́jà. Òun kò pá lórí bí ti Ògìdì. Orí rẹ̀ tẹ́ bí tábìlì, nítorí pé òkúta pupa tó ní irin nínú ló bo orí rẹ̀ bí ìdérí ìkòkò, òun ni kò jẹ́ kí òjò gé e wálẹ̀. A ń ka gíga rẹ̀ sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,500, bí a bá wọ̀n ọ́n láti ojú òkun. Mọ́tò lè gun ún dé òkè, àwọn ìyá àgbà kò sì ní ìdí tí wọn yóò fi dúró nílé. Láti ibẹ̀ ni ẹ óò ti rí i bí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ṣe pàdé. Ilé kan wà níbẹ̀ tí Lugard fi ń sinmi. Àwọn tó ń mú àlejò kiri yóò sọ fún yín pé orí òkè yìí ni obìnrin òyìnbó náà, Flora Shaw, dúró sí tó fi sọ wá ní Nàìjíríà. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á. Ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni orúkọ náà ti jáde ní ọjọ́ 8, oṣù kìn-ín-ní, 1897, ní oṣù kan náà tí àwọn ọmọ ogun wọ Kàbà, nígbà tó sì di 1902 ni Lugard tó fi í ṣe aya. Ẹni tó sọ wá lórúkọ kò tíì rí wa nígbà náà.

Ní ti omi tó ń já láti òkè, a ní láti ná ẹsẹ̀ díẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ní ẹ̀gbẹ́ wa ni ti Ọ̀wú, ní Ọ̀wá Kájọlà, ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí àwa náà wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991. Nǹkan bí mítà 120 ni omi náà fi ń já wálẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí òṣọ̀ọ̀rọ̀ abẹ́ páànù ló rí, tínrín, funfun. Nígbà òjò, ẹ óò gbọ́ ariwo rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Ní Èkìtì, Arinta wà ní Ìpólé-Ìlórò. Ikogosi kò jìnnà síbẹ̀, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń jáde láti inú ilẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pàdé. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní Ọ̀ṣun, Olúmirìn ń gba ìpele méje já wálẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ tó fún ìdílé tó ní ọmọ ọwọ́, àwọn ọ̀dọ́ ni kó máa gun ìyókù. Lójú tèmi, ẹni tí kò bá lè lọ ju ibì kan lọ, kó lọ sí Ikogosi, nítorí pé ọmọdé lè fi ẹsẹ̀ kàn án láìsí ìbẹ̀rù púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá dúró díẹ̀ lórí ìbẹ̀rù náà. Omi tó ń já kì í ṣe omi inú báfù. Òjò lè má rọ̀ sí ibi tí ẹ dúró sí, kó jẹ́ pé ní òkè lọ́hùn-ún ló ti rọ̀, kí omi sì kún lójijì. Bí omi tó mọ́ bá ṣàdédé pọ́n, tí ewé àti igi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wá, tí ariwo rẹ̀ yí padà, ẹ má dúró mú bàtà, ẹ gun bèbè. Àpáta tí omi ń gbà kọjá ní ohun tútù kan lórí tó ń yọ̀ bí ilá. Ibẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń fẹ́ ya fọ́tò. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ bẹ́ sínú kòtò omi tó wà nísàlẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò rí òkúta tó wà nínú rẹ̀, omi tó ń já láti òkè sì lè tẹ ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibi tí omi ti dúró jẹ́ẹ́, tí ìgbín omi wà, ibẹ̀ ni àtọ̀sí ajá ti máa ń wọ ara, èyí tó ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀.

Ibi tí omi ti ń sáré ní tirẹ̀ ni kòkòrò dúdú kékeré kan ń yé ẹyin sí, èyí tí àwọn kan ń pè ní amùkúrù, òun ló ń fa ìfọ́jú etí odò. Ẹ má tìtorí èyí dúró sílé o. Ẹni tó lọ fún ọjọ́ kan kò lè tìtorí rẹ̀ fọ́jú, ẹni tí kòkòrò náà ń jẹ lọ́pọ̀ ọdún ni ọ̀rọ̀ kàn. Láti 1987 ni wọ́n ti ń fi oògùn rẹ̀ ta àwọn orílẹ̀-èdè wa lọ́rẹ, ọ̀fẹ́ ni. Bí àwọn olùtọ́jú ìlera bá gbé e dé abúlé yín, ẹ gbé e mì, kí ẹ má fi sí abẹ́ ẹní.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ló kù, ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀nà wa rí bó ṣe rí láyé àtijọ́, irọ́ ló ń pa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Èrúkù, níwájú Ẹ̀gbẹ̀ wa níbí, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ. Àwọn tó ń jọ́sìn jẹ́ẹ́ ni wọ́n, àánú wọn ṣe mí bí ti ará ilé mi. Ọ̀nà kan náà ni a ó gbà lọ sí Ọ̀wú. Fún ìdí èyí, ní tèmi o, kí ẹ fi Ọ̀wú sílẹ̀ ná. Òkè Obangogo àti ti Ògìdì ni kí àwọn ìyá fi bẹ̀rẹ̀, níbi tí a ti mọ ará ìlú tí wọ́n sì mọ̀ wá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà, ẹ má gùn ún láìkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ baálé tàbí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú. Ẹ kí wọn, "Okun o," ìkíni tí wọ́n fi ń pe gbogbo wa ní ọmọ Okun, kí ẹ sì bi wọ́n bí igbó ṣe rí lọ́sẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ní ẹ má lọ, ẹ padà sílé kí ẹ lọ dín àkàrà jẹ.

Ní ti aṣọ, ìró kò dára fún òkè, ó ń gbé ènìyàn ṣubú. Ṣòkòtò gbòòrò, bùbá tó bo orúnkún, ìborí tí a fi pín-ìnnì mú kí afẹ́fẹ́ má gbé e bo ojú. Bàtà onírọ́bà tó ní okùn, kì í ṣe sílípáàsì. Omi mímu tó pọ̀, nítorí pé àpáta máa ń gbóná bí agbada tó bá di agogo mọ́kànlá. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ tó, ẹ má gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ gun òkè bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó, kí ẹ sì kó ewé àti ọ̀rá padà wálẹ̀. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì ni àkókò rẹ̀ dára jù fún òkè, bí ọyẹ́ kò bá mú kí ojú ọ̀run dúdú. Ẹ kúrò nílé lẹ́yìn ìrun Sùbúhì, kí ìrun Ayílà bá yín nísàlẹ̀. Kí ẹnìkan tó lágbára wà níwájú, kí ẹnìkan wà lẹ́yìn pátápátá, kí ó máa ka orí àwọn ọmọ.