Ajá yín ń tiro, ẹ ní ọ̀lẹ ló ń ṣe!

Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá gba Creek Road kọjá lálẹ́ ní Àpápá, ẹ máa gbọ́ ohùn wọn. Àwọn Rottweiler, Alsatian àti Boerboel tí orí wọn tó ìkòkò ọbẹ̀, àwọn ni wọ́n fi ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Tẹ́ ẹ bá ré Boundary kọjá sí Ajégúnlẹ̀, ajá ìbílẹ̀ wa lẹ máa bá níbẹ̀, èyí tó mọ gbogbo ará àdúgbò. Àti ajá olówó, àti ajá mẹ̀kúnnù, ohun kan wà tó ń yọ wọ́n lẹ́nu tá a kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀: orúnkún.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ bá a ṣe ń kọ́ ajá níṣẹ́. Àwọn òyìnbó ní ajá kan tí wọ́n ń pè ní pointer, ọdẹ ẹyẹ ni wọ́n ń fi í ṣe. Bó bá gbóòórùn ẹyẹ bí àparò nínú koríko, kò ní gbó, kò ní fò mọ́ ọn. Ńṣe ló máa dúró gbagidi, á gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, á na imú síbi tí ẹyẹ wà, ìrù á le bí igi, títí olówó ẹ̀ á fi dé. Okùn gígùn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Bó bá fẹ́ ta kìjí, wọ́n á fi okùn dá a dúró, wọ́n á ní "dúró!" Bó bá gbọ́ràn, wọ́n á yìn ín. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń ṣe é, kò sí ti ẹgba níbẹ̀.

Tiwa yàtọ̀. Lílé ni ajá ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá ń lé ọ̀yà, ṣaworo á wà lọ́rùn ẹ̀ kí ọdẹ lè mọ ibi tó gbà. Ṣùgbọ́n òun náà gbọ́dọ̀ mọ fèrè, ṣebí ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ti òyìnbó o, ti ọdẹ wa o, ajá gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìpè. Ajá Àpápá ńkọ́? "Mú un!" nìkan ni wọ́n kọ́ ọ. Ó ń fo géètì, ó ń bẹ́ látorí píkọ́ọ̀pù, ó ń yí bírí lórí kọnkéré tí epo ti dà sí. Tó bá ṣetán, wọ́n á gbé odidi abọ́ ẹ̀bà síwájú ẹ̀, á wá sanra bí àgùntàn iléyá.

Inú orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ajá, iṣan líle méjì wà níbẹ̀ bí okùn, wọ́n gba ara wọn kọjá. Ti iwájú ló sábà máa ń já. Irú ẹ̀ wà lára èèyàn náà, ará Ajégúnlẹ̀ tí Samson Siasia àti Odion Ighalo ti jáde kò sì nílò kí n ṣàlàyé ohun tí orúnkún lè fojú agbábọ́ọ̀lù rí. Emmanuel Amuneke tó gbá góòlù méjèèjì wọlé Zambia tá a fi gba ife Áfíríkà lọ́dún 1994, orúnkún ni kò jẹ́ kó bá wọn lọ sí ife àgbáyé ti 1998. Àmọ́ ti ajá kì í sábà já lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbó, pàápàá tí ajá bá tóbi tàbí tó sanra jù, ọjọ́ kan báyìí, á kàn yí ara padà, ó já nìyẹn.

Bàbá kan wà tí mo mọ̀, ọlọ́dẹ ni ní ilé ìkẹ́rùsí kan, Tanímọ̀la lorúkọ Rottweiler tí wọ́n jọ ń ṣọ́nà. Nígbà tí ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè, ọ̀gá wọn ní ọ̀lẹ ni, wọ́n nà án. Wọ́n fi Robb pa á. Wọ́n ra ibuprofen ní kẹ́míìsì fún un, ó ń bì. (Ẹ jọ̀ọ́, ibuprofen ń dá egbò sí ikùn ajá, ó ń ba kíndìnrín ẹ̀ jẹ́, paracetamol náà lè pa á.) Nígbẹ̀yìn, ọ̀gá ní kí wọ́n pe àwọn tó ń ta ẹran ajá, èyí tí wọ́n ń pè ní 404, pé kí wọ́n wá gbé e.

Bàbá ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi lóṣù méjì. Èmi ni mo mọ ohun tí ajá yìí ti ṣe fún wa."

Dókítà ẹran ló gbé ọwọ́ lé orúnkún náà. Ó di itan mú, ó ti egungun ojúgun, egungun náà sún síwájú bí ìgbà téèyàn fa dúrọ́wà tábìlì. Ó ní kí wọ́n wo bó ṣe ń jókòó, tó ń na ẹsẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dípò kó ká a sábẹ́. Itan ẹ̀ sì ti ń rù.

Ajá tí kò tó kílò 15, bẹ́ ẹ bá so ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tẹ́ ẹ sì dín oúnjẹ ẹ̀ kù, ó sábà máa ń rìn dáadáa padà. Ajá ńlá ló ń nílò iṣẹ́ abẹ. Àwọn kan ń fi okùn ọ̀rá líle so orúnkún náà láti ìta. Àwọn mìíràn ń gé egungun ojúgun, wọ́n á yí i, wọ́n á fi irin dè é, ọ̀nà tí Barclay Slocum, dókítà ẹran ará Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1993. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní FUNAAB l'Ábẹ́òkúta.

Owó iṣẹ́ abẹ kò sí lápò Bàbá, ọ̀gá náà ò sì gbé e. Ìsinmi ni wọ́n fún Tanímọ̀la, wọ́n dín ẹ̀bà ẹ̀ kù, Bàbá ń fi okùn mú un rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún nírọ̀lẹ́. Ó ṣì ń tiro díẹ̀, kò sì lè fo géètì mọ́, àmọ́ ó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbó. Olè wo ló máa dúró wádìí orúnkún ẹ̀?

Ẹsẹ̀ kejì ni wọ́n ń ṣọ́ báyìí, torí bí ìdajì àwọn ajá tírú ẹ̀ bá ṣe ni ti ẹsẹ̀ kejì náà ń já. Bàbá ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àlòkù síbi tí kọnkéré ti ń yọ̀, ó sì ti ń kọ́ ọ ní "dúró".